Ẹni Tó Ru Igi Wọlé Balógun

…kó tó yọ ọ̀bẹ kejì, wọ́n ti gún un lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹnu géètì ló kú sí. Kò tilẹ̀ rí àgbàlá.

1.

Ẹni tó kú yìí kì í ṣe ènìyàn gidi. Ẹ̀dá orí ìwé ni. Zulfah ló dá a, lọ́sàn-án Sátidé, ní yàrá tí Olúmúyìwá háyà nítòsí Pólì.

Àwọn mẹ́ta ló ń ṣeré náà. Olúmúyìwá ni adarí eré: òun ló ń sọ ohun tó wà níwájú wọn, tí wọ́n á sì ju dáìsì láti mọ bóyá ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe bọ́ sí i. Ìrètí ń wá láti yunifásítì tí ìjọ Kristẹni kan dá sílẹ̀. Oníṣègùn ni ẹ̀dá tirẹ̀. Zulfah, ọmọ agboolé ní àárín Ẹdẹ, ní apani ní kọ̀rọ̀ ni tòun máa jẹ́.

Iṣẹ́ tí wọ́n rán apani náà: wọ ilé Balógun Arógunyọ̀. Pa á. Jáde láàyè.

2. Ìwé tó wà lára ilẹ̀kùn Olúmúyìwá

Ẹ BỌ́ BÀTÀ.
MÁÀKÌ MẸ́Ẹ̀Ẹ́DÓGÚN NI FÚN Ẹ̀DÁ KỌ̀Ọ̀KAN. KÒ SÍ ÈÈNÌ.
Ẹ̀DÁ TÓ BÁ KÚ TI KÚ.

3. Fọ́ọ̀mù: ẹ̀dá àkọ́kọ́

Ọ̀bẹ: 9
Agbára: 5
Ẹsẹ̀ fífúyẹ́: 1
Etí: 0
Ẹnu: 0

(Wọ́n ti fi bírò pupa fa ìlà kọjá gbogbo rẹ̀.)

4. Fọ́ọ̀mù: ẹ̀dá kejì

Ẹsẹ̀ fífúyẹ́: 10
Ọ̀bẹ: 5
Ìyókù: òdo

(Èyí náà, bírò pupa.)

5.

ÌRÈTÍ: Èyí mà fẹ́ rí i ṣe. Ó ti kọjá géètì.

OLÚMÚYÌWÁ: Ó kọjá géètì. Ẹ̀ṣọ́ inú ilé wá pàdé rẹ̀, ó ní, “Ta ló rán ọ?” Apani fẹ́ purọ́, ṣùgbọ́n òdo ni ẹnu rẹ̀.

ZULFAH: Kò sí ẹni tó gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ o.

OLÚMÚYÌWÁ: Wọn ò gbọ́ ọ lóòótọ́. Wọ́n rí i.

6.

Kí ló máa ń mú kí ojú fo ènìyàn dá?

7.

Ìbéèrè yìí ni Zulfah gbé délé. Ìyá àgbà rẹ̀, Kúlúsúmù, jókòó lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń bó ẹ̀gúsí. Zulfah jókòó tì í, ó bá a mú díẹ̀.

“Ìyá Àgbà, bí èèyàn bá fẹ́ wọ ilé tí wọn ò ti fẹ́ ẹ, báwo ló ṣe máa ṣe é?”

Ọwọ́ ìyá dúró.

“Ilé ta lo fẹ́ wọ̀?”

“Eré ni, Ìyá Àgbà. Eré orí ìwé.”

Ìyá padà sídìí ẹ̀gúsí rẹ̀. Ó bó ẹyọ kan sí i, ó ní:

“Ru ẹrù.”

8. Ohun tí Zulfah kọ sínú fóònù rẹ̀ lẹ́yìn ìgbà náà, bó ṣe gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá

ẹni tó ru igi ò lójú. igi ni wọ́n ń rí

Ìwó ló ti ṣẹlẹ̀. ọkọ mi kú, àwọn ẹbí rẹ̀ ní kí n máa lọ, kí n fi ọmọ sílẹ̀. ọmọ ọdún mẹ́ta

mo dúró di ọjọ́ tí wọ́n ń sọmọ lórúkọ nílé náà. èrò pọ̀. mo ru igi ìdáná gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. obìnrin kan tilẹ̀ bá mi sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ó ní mo kú iṣẹ́

mo pọn ọmọ. mo gbé apẹ̀rẹ̀ ìdọ̀tí lé orí bí ẹni ń lọ dà á nù. mi ò sáré

ìyá rẹ ni ọmọ náà

(Zulfah ò gbọ́ èyí rí. Ìyá rẹ̀ náà ò sọ ọ́ rí. Kò mọ̀ bóyá ìyá rẹ̀ mọ̀.)

9.

“Ẹ̀rù ò bà yín ni?”

“Ẹ̀rù bà mí. Ẹsẹ̀ mi ni mi ò jẹ́ kó mọ̀.”

Ìyá gbọn èèpo ẹ̀gúsí kúrò lára ìró rẹ̀.

“Ẹni tìrẹ yìí, tó fẹ́ wọ ilé onílé. Kí ni wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀?”

“Wọn ò gba nǹkan kan. Ó fẹ́ lọ pa baálé ibẹ̀ ni.”

“Kí ni ìyẹn ṣe?”

Zulfah mú ẹ̀gúsí mìíràn, ó ń bó o.

10. Fọ́ọ̀mù: ẹ̀dá kẹta

Etí: 5
Ẹnu: 4
Ẹsẹ̀ fífúyẹ́: 3
Ọ̀bẹ: 2
Agbára: 1

Ohun ìjà: ọ̀bẹ kékeré ilé ìdáná kan.
Ẹrù: igi ìdáná, ìdì kan.
Ìdí tó fi ń lọ:

11. Sátidé tó tẹ̀ lé e

OLÚMÚYÌWÁ: Ẹ̀ṣọ́ dìde. Ó ní, “Ìwọ ta nìyẹn?”

ZULFAH: Kò dá a lóhùn. Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ̀ ọ́, ọrùn ti ń dùn mí.”

(Ìrètí rẹ́rìn-ín.)

OLÚMÚYÌWÁ: Ju dáìsì.

(Dáìsì olójú ogún. Mẹ́tàdínlógún.)

OLÚMÚYÌWÁ: Ó bá a sọ̀ ọ́. Ó ní ó kú iṣẹ́.

ÌRÈTÍ: Ó parí.

OLÚMÚYÌWÁ: O dé yàrá. Balógun ń sun oorun ọ̀sán. Kò sí ẹlòmíràn níbẹ̀. Ju dáìsì fún ọ̀bẹ.

ZULFAH: Kí ni ọkùnrin yìí ṣe?

OLÚMÚYÌWÁ: Báwo?

ZULFAH: Tí wọ́n fi ní kí n pa á.

(Olúmúyìwá ṣí ìwé rẹ̀. Ó ṣí i síwájú, ó ṣí i sẹ́yìn.)

OLÚMÚYÌWÁ: Mi ò kọ ọ́ síbẹ̀.

12. Gúrúùpù Wásáàpù, Sọ́ńdè

Ìrètí: Zulfah, eré mà ni. Jù ú ká lè tẹ̀ síwájú

Zulfah: Mo mọ̀ pé eré ni

Zulfah: Mo kàn fẹ́ mọ̀ ni

Ìrètí: Apani tó ń béèrè ìdí, ṣé apani ṣì nìyẹn?

Zulfah: Ohun tí mo ń bi ara mi náà nìyẹn

Olúmúyìwá: Ẹ fún mi láyè. Mò ń kọ ọ́

13.

Ọjọ́bọ̀. Zulfah wà lórí ọ̀kadà, ó ń bọ̀ láti Sẹ́kọnà, nígbà tí fóònù rẹ̀ dún. Ìdí tí Olúmúyìwá ní òun ń kọ ni, ó gùn gan-an. Ó ní kí ọlọ́kadà jọ̀ọ́ dúró díẹ̀. Ó sọ̀ kalẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ó fi ọwọ́ ṣíji bo ojú fóònù nítorí oòrùn.

Ìlà àkọ́kọ́ nìkan ló tíì kà:

“Ìyá Arógunyọ̀ ṣì wà láyé, yàrá kejì ló wà.”