Ẹni Tó Ń Bá Jinsui Ka Àkàyé

Mi ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà ní abúlé wa kí wọ́n tó ní kí n wá máa da àgùntàn. Nítorí náà, tí ọmọ mi bá ń ka Gẹ̀ẹ́sì, ẹnu rẹ̀ ni mo máa ń wò. Mo ṣì ń wò ó títí di òní. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀, bí mo bá lè sọ ọ́ dáadáa.

Jinsui lorúkọ rẹ̀. Ọdún ìdánwò àṣewọlé sí gírámà àgbà ló wà nígbà náà. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó bá yege á lọ sí gírámà àgbà, ẹni tí kò bá yege á lọ kọ́ṣẹ́. Ìṣirò kò yọ Jinsui lẹ́nu. Àkàyé Gẹ̀ẹ́sì ni. Wọ́n á fún wọn ní àyọkà, wọ́n á bi wọ́n ní ìbéèrè lé e lórí, ìdáhùn mẹ́rin á wà lábẹ́ ìbéèrè kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n mú ọ̀kan. Èyí tí kò tọ̀nà ni Jinsui máa ń mú. Bàbá rẹ̀ wà ní Xinjiang, ní ìpẹ̀kun ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Ṣáínà wa, ó ń to bíríkì. Èmi ni mo bá a wá sí ìlú bí gbogbo ìyá ti ń ṣe, kí n máa se oúnjẹ, kí n sì máa ṣọ́ ọ.

Ẹ̀yìn ilé-ìwé ni a ti ń gba yàrá. Yàrá tí ọmọ tó mọ̀wé bá ti gbé rí, òun ni gbogbo ìyá ń jà dù. A kì í kun ògiri rẹ̀. A kì í sún tábìlì rẹ̀. Oríire ọmọ yẹn ṣì wà lára àga, ẹni tó bá jókòó síbẹ̀ lọ́la á pín nínú rẹ̀. Ohun tí a gbà gbọ́ nìyẹn, mi ò sì tíì rí ìyá tó ní òun ò gbà á gbọ́.

Ìyá Pang tó ni ilé na ìka sí tábìlì kan tó kọjú sí ògiri. Ó ní, “Meng Qiao ló jókòó síbí. Nínú Gẹ̀ẹ́sì, kò sẹ́ni tó tó o ní gbogbo ilé-ìwé yẹn. Ó ti lọ sí ọ̀nà jíjìn báyìí. Má sún tábìlì yìí o! Tó o bá sún un, má wá sunkún sí mi lọ́rùn.”

Mo ní, “Ìyá àgbà, ṣé ó wọ gírámà àgbà ṣá?”

“Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n á wá lé padà? Ìwọ náà béèrè ọ̀rọ̀! Àwọn ìyá méjì wà níta tí wọ́n ń dúró dè mí. O fẹ́ ni tàbí o ò fẹ́?”

Mo fẹ́.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí a kó dé, mo se núdù, mo bù ú sí abọ́ mẹ́ta. Mo gbé ẹ̀kẹta sórí tábìlì yẹn, mo sì sọ̀rọ̀ sí ògiri. Mo ní, “Qiao, ibi yòówù kó o wà, wá jókòó ti àbúrò rẹ. Kẹ́ ẹ jọ máa kàwé.”

Jinsui bú sẹ́rìn-ín. “Màmá, ẹ ò rí i rí, ẹ ti ń fún un lóúnjẹ. Tèmi dà?”

“Tìẹ wà lábẹ́ imú rẹ, alájẹkì.”

Àwọn àgbà wa kì í pe ẹni tí wọn ò mọ ibi tó wà wá sídìí oúnjẹ. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n mo rò pé alààyè ni. Oríire alààyè ni mo rò pé mò ń pè.

Láàárọ̀, núdù yẹn wà bó ṣe wà. Mo tọ́ ọ wò kí n má baà dà á nù. Kò ní adùn kankan, bí ìgbà téèyàn ń jẹ páálí. Mo sọ fún ara mi pé iyọ̀ ni mo gbàgbé.

Tíṣà Rao tó ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì ní kí òbí kọ̀ọ̀kan máa fi fóònù ya fídíò ọmọ rẹ̀ níbi tó ti ń ka àkàyé sókè, kó sì fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ àwọn òbí lójoojúmọ́. Mo ń ya tèmi. Mo ń fi ránṣẹ́. Lọ́jọ́ kan, tíṣà fi ohùn ránṣẹ́ padà.

“Màmá Jinsui, ẹ kú iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kó máa dá kà á. Ẹni tó ń bá a kà á mọ̀ ọ́n kà ju èmi gan-an lọ, àmọ́ kò ní bá a wọ gbọ̀ngàn ìdánwò.”

Kí n tó mọ ohun tí màá sọ, ìyá kan ti dá sí i: “Áà! Màmá Jinsui ti gba olùkọ́ sílé, kò sì jẹ́ ká gbọ́. Ahun!”

Àwọn yòókù ń rẹ́rìn-ín. Èmi jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò èédú, mo gbé fóònù sétí. Ohùn méjì ni. Ọ̀kan jẹ́ ti Jinsui, ó ń kọsẹ̀ bí ewúrẹ́ lórí òkúta. Èkejì wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ó máa ń ṣáájú rẹ̀ díẹ̀, ó rọra ń lọ, ó ń dán. Àwa méjì péré la sì wà ní yàrá nígbà tí mo ya fídíò yẹn. Mo pa fóònù. Mi ò sọ fún Jinsui.

Ọjọ́ kejì ni mo ń po ìyẹ̀fun. Jinsui ní, “Màmá, ẹ yéé kan tábìlì.”

“Ta ló ń kan tábìlì? Wo ọwọ́ mi.”

Ó wo ọwọ́ mi. Ìyẹ̀fun dé ọrùn ọwọ́. Ó yí padà sí ìwé rẹ̀. Nígbà náà ni èmi náà wá gbọ́ ọ. Ko, ko. Lẹ́ẹ̀mejì, láti inú ògiri. Jinsui fi bírò mú ìdáhùn kejì. Ó ń dúró. Ko. Ó mú ìdáhùn àkọ́kọ́.

Gbogbo rẹ̀ ló gbà. Tíṣà Rao yìn ín níwájú ẹgbẹ́ àwọn òbí. Ìyá tó pè mí ní ahun wá sí ẹnu ọ̀nà wa pẹ̀lú ápù, ó ń béèrè irú oúnjẹ tí mò ń fún ọmọ. Inú mi ń dùn, ẹ̀rù sì ń bà mí, méjèèjì jọ wà nínú ikùn kan. Mo sì ń bu abọ́ kẹta lọ. Kí n dáwọ́ dúró, ẹ̀rù ń bà mí. Kí n máa bù ú, ẹ̀rù ń bà mí.

Jinsui bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ òsì jẹun. Mo ní eré ni. Lọ́jọ́ kan ó ti abọ́ rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, ó ní, “Kí ló dé tẹ́ ẹ fi ata sí i? Ẹ mọ̀ pé mi kì í jẹ ata.”

Ọmọ tó ń jẹ ata bíi súìtì láti ìgbà tí mo ti já a lẹ́nu ọmú.

Ọ̀sán ọjọ́ Sunday kan ni mo rí ohun tí mo rí. Oòrùn wọlé wá sórí tábìlì. Níta, eruku pupa ń fẹ́. Mò ń gán ìtẹ́lẹ̀ bàtà, Jinsui ń kàwé lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ohùn rẹ̀ ń lọ geere. Mo gbójú sókè láti yọ òwú.

Ẹnu rẹ̀ wà ní pípadé.

Ojú rẹ̀ ń tẹ̀ lé ìlà ìwé láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ètè rẹ̀ kò mira. Ohùn yẹn sì ń lọ. Ó kà á títí dé òpin àyọkà. Lẹ́yìn náà ni ìka ọwọ́ òsì Jinsui kan tábìlì: ko, ko, ko.

Mo kígbe, “Jinsui!”

Ó ya ẹnu rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. “Màmá, ẹ jẹ́ ká parí ẹ̀ ná.”

Mo jáde. Mi ò mọ ibi tí mò ń lọ. Ẹsẹ̀ mi gbé mi dé ẹnu ọ̀nà ilé-ìwé, níbi tí obìnrin kan ti máa ń ta ẹyin tí wọ́n sè nínú omi tíì. Màmá Ẹlẹ́yin ni gbogbo wa ń pè é. Mi ò béèrè orúkọ rẹ̀ rí.

Ó ní, “Màmá Jinsui, ojú yín ti rí bí aṣọ tí wọ́n fún gbẹ. Ṣé kí n mú méjì, tàbí ọmọwé yẹn ti ń jẹ mẹ́rin?”

“Mi ò wá ra ẹyin. Ẹ ti pẹ́ níbí. Ṣé ẹ mọ ọmọ kan tó ń jẹ́ Meng Qiao?”

Ìgbakọ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ sínú ìkòkò. Ó jẹ́ kó rì.

“Ta ló sọ orúkọ yẹn fún yín?”

“Ìyá Pang. Yàrá rẹ̀ la wà.”

Ọmọ kan wá ra ẹyin, kò dá a lóhùn, ọmọ náà lọ. Ó wá ní, “Ṣé tábìlì yẹn ṣì kọjú sí ògiri?”

“Bẹ́ẹ̀ ni.”

“Èmi ni mo gbé e síbẹ̀. Kó má baà máa wo ìta. Ọmọ mi ni.”

Ó sọ ọ́ fún mi nídìí ìkòkò yẹn. Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ìdánwò ni ọ̀rọ̀ oko gbé òun ìyá lọ sí abúlé. Òtútù padà wá lójijì. Qiao dá iná ààrò, ó ti fèrèsé kí ariwo má wọlé, ó ń kàwé. Atẹ́gùn dá èéfín èédú padà sínú yàrá. Orí ìwé ni wọ́n ti bá òkú rẹ̀.

Ó ní, “Mi ò lè padà sí abúlé láti ìgbà náà. Mo dúró síbí, mò ń wo àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń wọlé, tí wọ́n ń jáde. Mi ò sì lè wọ inú yàrá yẹn.”

Mo lọ bá Ìyá Pang. Ó ń fi eyín pa kóró òdòdó oòrùn jẹ, kò tilẹ̀ dìde. “Mo ní ó lọ sí ọ̀nà jíjìn,” ló wí. “Irọ́ ni?”

Lálẹ́ mo pe bàbá Jinsui. Ó gbọ́ mi tán, ó mí kanlẹ̀. “Ọmọ ń gba gbogbo ìbéèrè, o wá ń wá bó o ṣe máa bà á jẹ́. Ìdánwò ló kù sí dẹ̀dẹ̀ yìí. Jẹ́ kó ṣe é tán ná.”

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà fún un. Ẹ má bínú, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ kejì, bí mo ti ń di irun Jinsui, ó sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́:

“Màmá, Ẹ̀gbọ́n ní òun ò tíì jókòó ṣe ìdánwò yẹn rí. Ó máa bá mi wọlé. Ó ní kí n má bẹ̀rù, kí n sáà máa sùn nínú lọ́hùn-ún, òun á dáhùn gbogbo ẹ̀.”

Ọwọ́ mi dúró nínú irun rẹ̀. “Tẹ́ ẹ bá ṣe tán, ta ló máa jáde?”

Ó ronú. Ó ronú sí i bó ṣe máa ń ronú nígbà tí ìdáhùn méjì bá jọra. Ó wá mi orí.

“Kò sí nínú àyọkà,” ló wí.

Mo sáré lọ bá Màmá Ẹlẹ́yin. Mo ní, “Ẹ wá pe ọmọ yín. Èmi ni mo pè é jókòó, kò sì lè gbọ́ tèmi tí mo bá ní kó dìde.”

Lọ́dọ̀ wa, tí ẹ̀mí ọmọ bá ṣáko lọ, ìyá rẹ̀ á mú aṣọ rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, á máa pè é wálé. Màmá Ẹlẹ́yin dé ní ìrọ̀lẹ́, oòrùn kò tíì wọ̀. Ó mú jákẹ́ẹ̀tì pupa kékeré kan lọ́wọ́. Ó dúró níta, lẹ́yìn ìloro. Jinsui wà nídìí tábìlì, ó kẹ̀yìn sí wa, ohùn yẹn ń kàwé geere.

“Qiao o! Qiao mi! Ìdánwò ti parí. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ ti lọ sílé. Màmá ti dé láti oko. Wá ká lọ!”

Ìwé kíkà dúró. Ohùn yẹn dáhùn, kì í ṣe ní Gẹ̀ẹ́sì mọ́. Èdè wa ni, ó ń fa ọ̀rọ̀ bí àwọn ará òkè ṣe ń fà á.

“Mò ń bọ̀, Màmá. Ó ku ìbéèrè kan.”

Màmá Ẹlẹ́yin di férémù ilẹ̀kùn mú. “Fi í sílẹ̀,” ló wí. “Fi í sílẹ̀, ọmọ mi. Kò sẹ́ni tó ń dúró gba ìwé yẹn mọ́.”

Jinsui dìde. Ó yí padà, ó ń bọ̀ lọ́dọ̀ obìnrin yẹn, pẹ̀lú ìrìn tí kì í ṣe ti ọmọ mi. Ẹnu rẹ̀ wà ní pípadé. Ó gba iwájú mi kọjá bí ẹni tí kò mọ̀ mí rí. Mo mọ̀ pé tí ẹsẹ̀ yẹn bá kọjá ìloro, èyí tí kì í ṣe tèmi ni màá máa fún lóúnjẹ títí màá fi kú. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo ti tò sínú ló fò lọ. Ohun tí mo máa ń sọ lójoojúmọ́ ló jáde.

“Jinsui! Alájẹkì! Núdù ń tutù!”

Ó dúró. Ẹsẹ̀ kan wà lókè.

Mo di tábìlì yẹn mú, mo sì fà á kúrò lára ògiri. Ó ké lórí sìmẹ́ǹtì. Lẹ́yìn rẹ̀, lára ògiri, ibì kan wà tó dúdú tó sì ń dán, ó ga tó orí ọmọ tó jókòó, bí ibi tí ẹnì kan ti ń gbé iwájú orí lé fún ìgbà pípẹ́. Nǹkan kan gba ẹ̀gbẹ́ èjìká mi kọjá. Òórùn èédú ni mo gbọ́.

Níta, Màmá Ẹlẹ́yin ká jákẹ́ẹ̀tì yẹn mọ́ àyà. Apá rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ bí ẹni pé aṣọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ wúwo. Kò wẹ̀yìn. Ó ń lọ, ó ń sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ fún ohun tó gbé dání.

Jinsui gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ padà sílẹ̀. “Màmá, ebi ń pa mí. Ata dà?”

Mo jókòó sílẹ̀, mo sunkún.

Ó ṣe ìdánwò. Èsì jáde: àkàyé Gẹ̀ẹ́sì tún ti dà bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má gba ọ̀kankan. Bàbá rẹ̀ ò bá mi sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Àwọn ìyá àdúgbò ní èmi fúnra mi ni mo fi ọwọ́ lé oríire jáde. Èmi gbé èsì yẹn sáyà. Gbogbo ìdáhùn tí kò tọ̀nà yẹn, ọmọ mi ló mú wọn. Ó ń kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ báyìí. Kò sí ẹni tó ń ta ẹyin lẹ́nu ọ̀nà ilé-ìwé mọ́, mo sì gbọ́ pé Ìyá Pang ti ti tábìlì yẹn padà sí ògiri.

Tí Jinsui bá wálé, mo máa ń ní kó ka Gẹ̀ẹ́sì fún mi. Ó máa ń ráhùn: “Màmá, ẹ ò gbọ́ ọ, kí lẹ fẹ́ fi ṣe?” Mi ò fẹ́ gbọ́ ọ. Ìkọsẹ̀ rẹ̀ ni mo fẹ́ gbọ́. Tó bá ti kọsẹ̀, ọkàn mi á balẹ̀.

Nígbà tó wálé kẹ́yìn, ó ka odindi àyọkà kan láìkọsẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín. “Màmá, ẹ rí i? Mo ti ń mọ̀ ọ́n.”

Mo wo ẹnu rẹ̀. Ó ti ń mira, ó dá mi lójú pé ó ń mira. Mo wo ọwọ́ tó fi mú ìwé. Mo ní ó káre. Mo wá lọ sídìí ààrò, mo bu núdù sí abọ́ méjì, mo dúró, mo sì tún wo àwọn abọ́ náà, kó lè dá mi lójú pé méjì ni.