Gàbọ̀n Kò Jìnnà

Fọlákẹ́ jókòó gbagidi sórí òkìtì yẹ̀pẹ̀ pupa tí wọ́n hú láti inú sàréè ìyá rẹ̀, ó sì fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ ṣọ́bìrì mọ́lẹ̀.

"Dìde níbẹ̀," ni Bàbárímisá wí, àbúrò bàbá rẹ̀ tó jẹ́ olórí ẹbí. "Oòrùn ti ń wọ̀. A kì í fi òkú sílẹ̀ de ẹni tó wà ní Gàbọ̀n."

"Bàbá, n kò dìde."

Àwọn tó wá sìnkú ń wo ara wọn. Nínú ilé wọn ní Agbonou, ní ilẹ̀ Tógò, ọwọ́ àkọ́bí ló ń kọ́kọ́ bu yẹ̀pẹ̀ sórí pósí ìyá. Àkọ́bí tí kò bá bù ú, wọn kì í dárúkọ rẹ̀ mọ́ tí wọ́n bá ń ka ọmọ ilé. Laetitia, ẹ̀gbọ́n Fọlákẹ́ tó ń bọ̀ láti Gàbọ̀n, ni àkọ́bí. Kí wọ́n wá pa orúkọ náà rẹ́ lójú òun Fọlákẹ́? Àfi kí wọ́n sin òun náà mọ́ ìyá òun.

"Ọjọ́ mọ́kànlá ni bàbá yín lò lórí omi kó tó dé Gàbọ̀n," ni Bàbárímisá wí. "Èmi ni mo bá a ru àpótí rẹ̀ dé Lomé."

"Ọkọ̀ ojú omi nìyẹn. Bàálù ni tiwa. Láti Libreville sí Lomé, ẹgbẹ̀rún kìlómítà ó lé díẹ̀ ni, wákàtí méjì kò pé! Láti Lomé dé ibi tí mo jókòó sí yìí gan-an ló pẹ́ jù ú lọ. Gàbọ̀n kò jìnnà, Bàbá."

Bàbá náà rẹ ohùn sílẹ̀. "Ìwọ lo tọ́jú ìyá rẹ títí ó fi kú. Ẹni a bá lábà là ń pè ní baba. Bù ú, ká máa lọ."

"Èmi kọ́ ni àkọ́bí."

Wọ́n ṣì wà lẹ́nu rẹ̀ nígbà tí zémìjàn kan já wá láti ọ̀nà Atakpamé, eruku bò ó. Laetitia bọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn alùpùpù náà, ó sáré wá kúnlẹ̀ níwájú Bàbárímisá.

"Bàbá, ẹ má bínú. Ó ti di ọdún mọ́kàndínlógún tí mo ti fẹ́ wá wo Màmá. Gàbọ̀n jìnnà púpọ̀ ni."

Gbogbo ojú yí sí Fọlákẹ́.

Ọdún mọ́kàndínlógún ni Màmá fi ń bèèrè ọmọ yìí, tí Fọlákẹ́ sì ń fi í lọ́kàn balẹ̀ pé ọ̀nà ló jìn. Ìjẹta, nígbà tí Laetitia fi tíkẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́ sórí fóònù, ló tó rí i pé ìrìnàjò náà kò pé wákàtí méjì. Ó ti ń fi í gbèjà ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láti àárọ̀. Kò tíì rò ó wò rárá pé bí ọ̀nà kò bá jìn, Laetitia kò ní àwáwí tí kò fi wá. Inú bí i sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Ó dìde, ó wo Bàbárímisá lójú kòrókòró.

"Ó jìnnà, Bàbá," ló wí. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wá bu yẹ̀pẹ̀."