Ṣáàfù Tí Bàbá Akínladé Ní Kí Wọ́n Jó Pọ̀

Olúbùsọ́lá kì í ṣe aláriwo. Ẹni tó bá ti ya ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ rí ní Sabon Gari yóò jẹ́rìí sí i. Ariwo ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀tì tó fi ń gbẹ́ irin láti òwúrọ̀ ti tó o, kò tún fi ti ẹnu kún un. Bí oníbàárà bá ń fapá jánú, yóò máa wò ó títí itọ́ yóò fi gbẹ lẹ́nu onítọ̀hún, yóò wá ní, "Ẹ jókòó, ẹ mu omi tútù." Ohun tó wáá sọ irú obìnrin bẹ́ẹ̀ di ẹni tí gbogbo ìlà ṣọ́ọ̀bù ń sá jáde wá wò, kì í ṣe ohun kékeré.

Ìgbà ọyẹ́ ni Bàbá Akínladé wọlé tọ̀ ọ́ wá, tó ní kí awakọ̀ òun gbé irin kan tí wọ́n fi àpò ìrẹsì wé sílẹ̀. Ọ̀rẹ́ bàbá Olúbùsọ́lá ni George Akínladé. Ilé iṣẹ́ rélùwéè ni àwọn méjèèjì ti jọ gbẹ́ irin, Railway Quarters ni wọ́n sì jọ gbé kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Bàbá Olúbùsọ́lá ṣí ṣọ́ọ̀bù, Bàbá Akínladé dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀ lẹ́yìn àdúgbò Brigade, níbi tí wọ́n ti ń fọ amọ̀ funfun fún àwọn tó ń ṣe ọ̀dà. Nígbà tí bàbá rẹ̀ kú, tí Olúbùsọ́lá fẹ́ ta lẹ́ẹ̀tì, Bàbá Akínladé yìí náà ló ní kó má tà á. Ó ń wá lẹ́yìn iṣẹ́, ó ń jókòó tì í, ó ń kọ́ ọ ní ohun tí bàbá rẹ̀ kò tí ì kọ́ ọ tán. Lára ohun tó kọ́ ọ ni èyí: "Ṣáàfù pọ́ǹpù tó bá ti ṣẹ́, òkú ni. A kì í so òkú mọ́ òkú ká ní kó dìde rìn."

Wọ́n tú àpò náà. Ṣáàfù ni, ọ̀pá irin tó ń yí nínú pọ́ǹpù tó ń fa amọ̀, ó ti dá sí méjì.

"Bùsọ́lá ọmọ mi," ni Bàbá Akínladé wí, "bá mi jó o pọ̀, kí o gbẹ́ ẹ kó dán. Mo fẹ́ lò ó lọ́la."

Olúbùsọ́lá rẹ́rìn-ín, ó rò pé ó ń dán òun wò bí ti àtijọ́ ni. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ìka tọ ojú ibi tó ti ṣẹ́, nítòsí ojú ihò tí wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ irin há púlì, kẹ̀kẹ́ tí bẹ́líìtì ń yí, mọ́ ọn. Apá kan ojú ibẹ̀ ti dúdú, ó ti pẹ́ tó ti ń sán láti inú wá. Apá kejì ṣẹ̀ṣẹ̀ ya ni, ó ń kọ yànrànyànràn.

"Bàbá, bẹ́líìtì ti le jù lórí èyí. Ẹ fi mọ́tò tó lágbára sí i, ẹ wá fi í sórí ṣáàfù tó tín-ín-rín. Ẹ tún wo ibí." Ó yí irin náà. "Ẹ ti yọ sílíìfù tó yẹ kó bò ó. Okùn tí ẹ fi dí ẹnu pọ́ǹpù pẹ̀lú iyanrìn inú amọ̀ ti jẹ ẹ́ wọnú bí ẹni tó fi ayùn rẹ́ ẹ."

"Mo rí i."

"Ẹ jẹ́ kí n gbẹ́ tuntun fún yín. Irin líle tí wọ́n ti fi iná sè, tó sanra ju èyí lọ, tí igun ibi tó ti fún wọlé yóò rí kọrọbọtọ, kò ní mú. Ẹ ó wọ sílíìfù fún un, kí ó lè jẹ́ pé sílíìfù ni iyanrìn yóò máa jẹ, tí ẹ ó sì máa pààrọ̀ ìyẹn. Ẹ ó to púlì méjèèjì kí wọ́n dọ́gba, ẹ ó sì máa wo ọ̀rá béárìn tí ṣáàfù ń yí nínú rẹ̀. Yóò pẹ́ fún yín."

Bàbá Akínladé ń gbọ́ ọ bí ẹni tó ń gbọ́ ọmọ tó ń ka ìwé tí òun fúnra rẹ̀ kọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ kan kò ṣàjèjì sí i níbẹ̀.

"Mo mọ gbogbo rẹ̀," ni ó wí. "Ṣùgbọ́n àwọn ọlọ́dà ń dúró de amọ̀. Jó o kí n fi gbé oṣù yìí kọjá."

"Bàbá, ẹ̀yin lẹ sọ fún mi pé òkú ni."

"Mo mọ ohun tí mo sọ."

"Nígbà náà, ẹ máà jẹ́ kí n ṣe é. Bí ó bá ṣẹ́ lórí eré ńkọ́? Ẹ̀mí èèyàn ló wà nídìí pọ́ǹpù yẹn."

Desmond, àbúrò Olúbùsọ́lá tí wọ́n jọ jẹ́ ọmọ ìyá kan náà, ni ó ń bójú tó pọ́ǹpù náà. Bàbá Akínladé mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó yí ojú sí ìta, ó ní kí awakọ̀ gbé irin òun, ó sì lọ.

Ní ìrọ̀lẹ́, Olúbùsọ́lá pe Desmond lórí fóònù, ó ní kó má fọwọ́ kan pọ́ǹpù náà bí kò bá rí ṣáàfù tuntun.

"Àǹtí mi, ẹ fọkàn balẹ̀," ni Desmond wí. "Bàbá ti ní tuntun ni òun ń rà. E don settle."

Ṣáàfù dé lóòótọ́. Ó ń dán, wọ́n ti kùn ún ní ọ̀dà búlúù láti ìdí dé orí. Desmond fi sí pọ́ǹpù, ó sì ṣiṣẹ́.

Kò ṣiṣẹ́ pẹ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Olúbùsọ́lá ń gbẹ́ irin lọ́wọ́ nígbà tí fóònù dún. Tiwa, ìyàwó Desmond, ni. Ẹkún ni ó ń sun, kò lè sọ̀rọ̀. Ẹlòmíràn ló gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀ tó ní kó máa bọ̀ ní ilé ìwòsàn.

Ó bá Desmond lórí ibùsùn, ojú rẹ̀ funfun bí amọ̀ tí wọ́n ń fọ̀, apá ọ̀tún rẹ̀ sì ti di ohun tí èèyàn kò lè wò lẹ́ẹ̀mejì. Pọ́ǹpù náà ń gbọ̀n láti àárọ̀, ni ó wí. Ó tẹ̀ba kó fi etí sí béárìn. Ṣáàfù ṣẹ́ gan-an lójú ibi tí wọ́n ti jó o pọ̀ lábẹ́ ọ̀dà búlúù, púlì já, bẹ́líìtì sì nà án bí ẹni na màlúù. Ìbòrí irin tó yẹ kó bo bẹ́líìtì ti kúrò níbẹ̀ tipẹ́.

"Tuntun ni wọ́n pè é, Àǹtí mi," ni ó ń sọ ṣáá. "Wọ́n ní tuntun ni."

Dókítà ní egungun yóò so, ṣùgbọ́n ìgúnpá yẹn lè máà ká dáadáa mọ́ láyé. Olúbùsọ́lá dúpẹ́ lọ́wọ́ dókítà, ó bọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó di ìka rẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ bẹ́ńṣì títí èékánná rẹ̀ fi ń dùn ún. Kò sunkún. Ohun tó wà nínú rẹ̀ kì í ṣe omi.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, ó lọ sí ìjọ. Ìjọ Aládùúrà ni tiwọn, Bàbá Akínladé sì ni Bàbá Ìjọ. Olúbùsọ́lá wà láàárín akọrin pẹ̀lú aṣọ funfun rẹ̀. Ó ń retí pé bàbá yóò dárúkọ Desmond, yóò ní, "Ẹ bá mi bẹ ọmọ yìí, ọwọ́ mi ni ó ti wá." Bàbá Akínladé jáde síwájú pẹ̀lú ọrẹ ìdúpẹ́, ó gbé ọwọ́ sókè.

"Ọ̀tá ta ọfà sí ilé iṣẹ́ mi," ni ó wí. "Ọfà ikú ni, ṣùgbọ́n Ọlọ́run sọ ọ́ di ọfà ìpalára. Ẹ bá mi yọ̀!"

Ìjọ hó yèè. Alága àwọn akọrin dá orin sílẹ̀. Ẹnu Olúbùsọ́lá korò bí ẹni tó jẹ ewúro láìfọ̀. Ọ̀tá wo? Ọ̀tá tó mú irin lọ sọ́dọ̀ wẹ́dà? Ọ̀tá tó kùn ún ní búlúù? Ó fi ìlà akọrin sílẹ̀ láàárín orin, ó gba ẹnu ọ̀nà jáde láìwọ bàtà. Sìmẹ́ńtì àgbàlá ìjọ ń jó o lẹ́sẹ̀, kò tilẹ̀ mọ̀ títí ó fi dé ojú títì.

Ọjọ́ kejì ni nǹkan bàjẹ́ tán. Ó ní férémù kan tó fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ Habu, wẹ́dà tó ń fi iná jó irin pọ̀ ní ìkangun òpópónà wọn. Ó dé ibẹ̀, ó kí i kú iṣẹ́ ní èdè Hausa, "Sannu da aiki." Bí Habu ṣe ń dáhùn, ojú Olúbùsọ́lá ti bọ́ sórí ohun tó wà lórí tábìlì irin. Ọ̀dà búlúù. Ṣáàfù náà ni. Wọ́n ti fi ẹ̀rọ ha ojú ibi tó ṣẹ́ lápá méjèèjì, wọ́n ti tò ó kí orí méjèèjì kojú ara wọn. Iná nìkan ló kù.

"Habu, ta ló ni èyí?" Hausa ni ó fi bi í.

"Baba Akinlade. Ó ní òun fẹ́ ẹ lọ́la."

"Ṣé ìwọ náà lo jó o lákọ̀ọ́kọ́?"

"Èmi ni. Ó ní ti kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi ń ru omi ni. Kí ló dé, Madam?"

"Pọ́ǹpù ni. Òun ló kán apá àbúrò mi."

Habu gbé ìbòjú rẹ̀ sílẹ̀. "Subhanallahi," ni ó wí, ó sì fà sẹ́yìn kúrò nídìí tábìlì bí ẹni tó rí ejò.

Olúbùsọ́lá gbé apá kan ṣáàfù lé èjìká, ó há apá kejì sábẹ́ abíyá. Irin náà wúwo, ṣùgbọ́n ìbínú ń bá a gbé e.

"Madam, kí ni kí n sọ fún un?"

"Sọ fún un pé èmi ni mo gbé e. Orúkọ mi kò ṣòro láti pè."

Ó dé ṣọ́ọ̀bù, ó de ṣáàfù náà mọ́lẹ̀, ó tan ẹ̀rọ ayùn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́ ẹ. Ó ń rẹ́ ẹ bí ẹni ń gé iṣu tí wọ́n fẹ́ sè. Bí èyí bá já bọ́ sílẹ̀, á tún sún un síwájú. Èéfín òróró gba ibẹ̀ kan. Kò sinmi títí kò fi sí èyí tó gùn ju ìka lọ níbẹ̀.

Bàbá Akínladé dé nígbà tí oòrùn ń rọlẹ̀. Habu ti jíṣẹ́. Ó wo ilẹ̀, ó rí irin rẹ̀ wẹ́lẹwẹ̀lẹ, ó ké.

"Bùsọ́lá! Ohun ìní mi lo bà jẹ́! Ọlọ́pàá ni n ó fi mú ọ!"

Ìgbà yìí ni àwọn ará ìlà ṣọ́ọ̀bù gbọ́ ohùn Olúbùsọ́lá.

"Ẹ pè wọ́n! Ẹ pè wọ́n wá, kí ẹ sì sọ fún wọn pé tuntun ni! Ẹ sọ fún Habu pé ti kẹ̀kẹ́ ni. Ẹ sọ fún Desmond pé tuntun ni. Ẹ tún dúró níwájú pẹpẹ, ẹ sọ fún Ọlọ́run pé ọ̀tá ni! Ẹnu mélòó lẹ ní, Bàbá?"

"O ń bá mi sọ̀rọ̀ báyìí? Èmi tí mo kọ́ ọ ní iṣẹ́?"

"Ohun tó ń dùn mí nìyẹn! Ká ní ẹ kò mọ̀ ni, ǹ bá ní àìmọ̀ ni. Ẹ mọ̀! Ẹ mọ̀ ju èmi lọ! Apá ọmọ ọ̀rẹ́ yín wà ní ilé ìwòsàn, ẹ tún ní kí wọ́n jó o pọ̀. Ta lẹ fẹ́ fi sídìí rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí? Marvellous tó ń bá Desmond ṣiṣẹ́ ni? Ṣé ó ti ṣe tán láti kú?"

Àwọn èèyàn ti pọ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ẹnì kan ní, "Haba, Baba." Ojú Bàbá Akínladé pọ́n.

"Bàbá rẹ ì bá wà láyé," ni ó wí, "o kò ní bá mi sọ irú ọ̀rọ̀ yìí."

"Bàbá mi ì bá wà láyé, kò ní fi ẹnu bá yín sọ̀rọ̀ rárá."

Bàbá náà yí padà bí ẹni tó gbàgbé ohun tó bá wá. Ó gba àárín èrò kọjá, ó wọ ọkọ̀ rẹ̀. Kò pe ọlọ́pàá.

Ṣùgbọ́n pọ́ǹpù dúró, ilé iṣẹ́ sì tì. Àwọn òṣìṣẹ́ lọ jókòó sílé, ọ̀rọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn pé ẹ̀gbọ́n Desmond ló gba oúnjẹ lẹ́nu wọn. Nígbà tí Olúbùsọ́lá gbé oúnjẹ lọ kí Desmond nílé rẹ̀ ní Tarauni, ó bá a tó gbé apá tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì dì ní ilé ìwòsàn lé orí ìrọ̀rí, kò sì rẹ́rìn-ín sí i.

"Àǹtí mi, ta ló rán yín?" ni ó bi í. "Marvellous wá síbí lánàá. Ó ní ìyàwó òun ń bi òun léèrè oúnjẹ. Kí ni kí n sọ fún un?"

"Sọ fún un pé apá rẹ̀ méjèèjì ṣì pé."

"Ẹ kò bi wá kí ẹ tó ṣe é."

"Mi ò bi yín!" Ohùn rẹ̀ tún ti lọ sókè. "Bí mo bá bi yín, ẹ ó ní kí n fi sílẹ̀, ẹ ó sì padà lọ tẹ̀ba nídìí rẹ̀!"

Òótọ́ ni, Desmond sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Tiwa gba abọ́ oúnjẹ náà, ó sì rọra fa ilẹ̀kùn dé kí àwọn aládùúgbò má baà gbọ́.

Àwọn alàgbà ìjọ ránṣẹ́ pè é. Wọ́n ní àgbà kì í jẹ̀bi lójú gbangba, kó wá kúnlẹ̀ bẹ Bàbá Ìjọ. Ó ní òun ti ń kúnlẹ̀ kí i láti ìgbà tí òun ti gbọ́n, òun yóò sì máa kúnlẹ̀ kí i. Ṣùgbọ́n òun kò ní kúnlẹ̀ nítorí irin. Kò wọ aṣọ funfun lọ síbẹ̀ mọ́.

Nígbà tó yá, Bàbá Akínladé ra ṣáàfù tuntun. Kò rà á lọ́dọ̀ Olúbùsọ́lá. Ẹlòmíràn ló gbẹ́ ẹ fún un nínú ìgboro, irin tó sanra, pẹ̀lú sílíìfù. Wọ́n dá ìbòrí bẹ́líìtì padà, ilé iṣẹ́ sì ṣí. Desmond náà padà síbẹ̀, iṣẹ́ ṣíṣọ́ ẹrù ni wọ́n fi í sí, nítorí pé apá rẹ̀ kò lè gbé sípánà mọ́.

Ó yà sí ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ kan tó ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀. Ó ní pọ́ǹpù náà kò gbọ̀n mọ́, pé láràárọ̀ kí wọ́n tó tan iná, wọ́n á fọwọ́ yí ṣáàfù láti mọ̀ bóyá béárìn ń ha, wọ́n á sì wo bí okùn ẹnu rẹ̀ ṣe ń kán omi.

"Ta ló ń yí i?"

"Bàbá Akínladé fúnra rẹ̀. Kò jẹ́ kí ẹlòmíràn ṣe é."

Olúbùsọ́lá ń wo Desmond bó ṣe ń fi ọwọ́ òsì wá àpò ṣòkòtò tó wà lápá ọ̀tún.

"Ó dáa," ni ó wí. Ṣùgbọ́n eyín rẹ̀ tún ti pa dé mọ́ra wọn. Ó gbé irin tuntun sórí lẹ́ẹ̀tì, ó há a mọ́lẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, ó sì tan ẹ̀rọ.