Àkùkọ Inú Agolo

Dátà ni gbogbo àdúgbò ń pè é, orúkọ náà sì bá a mu. Ọkùnrin tó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún ni, àmọ́ tó bá ń jẹun, fóònù ni. Tó bá wọ ilé ìwẹ̀, fóònù ni. Tó bá sùn lọ, fóònù á ṣì máa dá sọ̀rọ̀ létí rẹ̀. Ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ẹni tí wọ́n ń pè ní Ọ̀gá Kànga, ló gbà á sílé, tó sì mú un mọ́ iṣẹ́ kànga gbígbẹ́ nígbà tí iṣẹ́ mìíràn bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀gá á wà nísàlẹ̀, á máa gbẹ́ ilẹ̀. Dátà á wà lókè, á máa fa garawa erùpẹ̀ jáde. Ẹ̀mí ọ̀gá wà lọ́wọ́ Dátà, kì í ṣe àsọdùn rárá.

Lóṣù tó kọjá, Dátà fi ọwọ́ kan fa okùn, ó fi ọwọ́ kejì di fóònù mú, ó ń wo aláwàdà kan tó ń ṣe bí ewúrẹ́. Ẹ̀rín pa á, okùn yọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, garawa tó kún bámúbámú já wálẹ̀, ó ha ọ̀gá létí kọjá. Díẹ̀ báyìí ló kù kó fọ́ ọ lórí. Nígbà tí ọkùnrin náà jáde, kò pariwo. Ó nu ẹ̀jẹ̀ etí rẹ̀, ó ní:

"Títí a ó fi parí kànga tó kàn, ìwọ àti fóònù ò gbọdọ̀ ríra lẹ́nu iṣẹ́. Inú agolo ni kí o máa fi tìẹ sí. Èmi náà á máa fi tèmi sílé. Ọjọ́ tí o bá fọwọ́ kan agolo yẹn nígbà tí mo wà nísàlẹ̀, kí o di ẹrù rẹ. N ò ní bá ọ ṣiṣẹ́ mọ́, o ò sì ní sùn nílé mi mọ́."

Dátà bẹ̀bẹ̀, ó sì gbà. Ọjọ́ àkọ́kọ́ le fún un bí ẹni tó ń jáwọ́ nínú sìgá. Gbogbo ìgbà ni ọwọ́ rẹ̀ ń wá àpò kiri. Agolo bísíkíìtì ńlá kan ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ tí fóònù wà nínú rẹ̀. Ọ̀gá ní kó fi í síbẹ̀, kò ní kó pa á, nítorí náà Dátà ò pa á. Ó kéré tán, ó fẹ́ máa gbọ́ ẹni tó ń wá òun. Olúkúlùkù ló ní ohùn tirẹ̀ lórí fóònù ọ̀hún. Ti ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ohùn àkùkọ ni, torí òun ló máa ń jí i láràárọ̀ bíi pé ilé ń jóná.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àkùkọ yìí kọ léraléra nínú agolo. Dátà ò ṣí i. Nígbà tó délé, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. "Èmi ni mo fi fóònù ọkọ mi pè ọ́ o! Mo fẹ́ mọ̀ bóyá o lè mú un mọ́ra ni. O yege, àbúrò mi." Inú Dátà dùn dé èékánná. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti yìn ín kẹ́yìn.

Kànga tí wọ́n ń gbẹ́ yìí wà lẹ́yìn ilé kan, ó kángun sí ibi tí wọ́n ti ń ṣe búlọ́ọ̀kù. Ẹ̀rọ búlọ́ọ̀kù náà ń ké bíi pé yóò ya. Ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ gan-an ò ní gbọ́ ohun tí o ń sọ. Okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni wọ́n fi ń bára wọn sọ̀rọ̀. Tí ọ̀gá bá fà á lẹ́ẹ̀kan, kí Dátà fa garawa. Lẹ́ẹ̀mejì, kó sọ ọ́ kalẹ̀. Lẹ́ẹ̀mẹta, kó fa òun jáde. Bí ọ̀gá bá sì fẹ́ sinmi, á tú okùn náà kúrò lọ́wọ́, á so ó mọ́ digà tó rì mọ́lẹ̀, á fà á kó le. Bí Dátà bá fà á tí kò yẹ̀, ó ti mọ̀ pé kí òun má yọ ọ̀gá lẹ́nu. Àdéhùn àwọn méjèèjì nìkan nìyẹn.

Omi ti ń sun lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nísàlẹ̀, ọ̀gá sì ti ń gbẹ́ ihò wọ ẹ̀gbẹ́ yẹn láti tẹ̀ lé e. Tó bá kó sínú ihò náà, ẹni tó wà lókè ò lè rí i mọ́. Láti bí ọjọ́ mélòó kan, ìsinmi rẹ̀ ti ń pẹ́ sí i. Dátà rò pé àgbà ló ń dé sí ọkùnrin náà.

Lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí, oòrùn ti ń mú nígbà tí okùn dákẹ́. Dátà dúró díẹ̀, ó fà á. Ó le. Ó yọjú wo ìsàlẹ̀: òkùnkùn, eruku díẹ̀, ẹnu garawa. Ọ̀gá ń sinmi nìyẹn. Dátà jókòó lórí òkìtì erùpẹ̀.

Àkùkọ kọ.

Agolo ń gbọ̀n lórí òkúta. Dátà rẹ́rìn-ín músẹ́. "Àǹtí, ẹ tún ti dé," ló wí fún agolo. "Ẹ ò lè mú mi." Àkùkọ kọ títí, ó dákẹ́, kò sì pẹ́ tó tún bẹ̀rẹ̀.

Nígbà kẹta, ọwọ́ Dátà ti wà lórí ìdérí kó tó mọ̀. Ó yára fà á sẹ́yìn, ó jókòó lé e. Àbí nǹkan ṣẹlẹ̀ nílé ni? Ó rántí ohùn ọ̀gá: kí o di ẹrù rẹ. Níbo ni òun fẹ́ di ẹrù lọ? Ó dìde, ó tún fa okùn. Okùn ò yẹ̀, àfi bíi pé ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ló dì í mú. Irú ìsinmi wo tiẹ̀ nìyí? Ó pariwo "Bùọ̀dá!" sínú kànga, ẹ̀rọ búlọ́ọ̀kù gbé ohùn rẹ̀ mì. Nínú agolo, ohun kan dún ṣíń, bí ìgbà tí àtẹ̀jíṣẹ́ bá wọlé sórí fóònù. Lẹ́yìn náà, àkùkọ tún kọ. Inú bí Dátà wàyí. Ó bọ́ ẹ̀wù rẹ̀, ó fi wé agolo náà káàkiri.

"Kí ni mo ṣe fún yín gan-an?" Ó kù díẹ̀ kó sunkún.

Ẹnìkan fọwọ́ kàn án léjìká. Ó yíjú, ó rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Obìnrin náà gbé ike omi tútù lọ́wọ́ ọ̀tún, ó fi ọwọ́ òsì di etí nítorí ariwo. Àkùkọ sì ń kọ lọ nínú ẹ̀wù.

Dátà wo ọwọ́ ọ̀tún. Ó wo ọwọ́ òsì.

"Àǹtí," ó ń pariwo sí i létí, "fóònù Bùọ̀dá dà?"

"Ó mú un dání láàárọ̀! Ó ní ẹnìkan máa pe òun nítorí iṣẹ́. Ṣé kò sí nínú agolo ni?"

Dátà ya ẹ̀wù sọ nù, ó ṣí agolo, ó gbé fóònù sétí. Kò gbọ́ ọ̀rọ̀ kankan. Èémí ló gbọ́, èémí kúkúrú kúkúrú.

"Ẹ sáré! Kí àwọn oníbúlọ́ọ̀kù pa ẹ̀rọ, kí wọ́n máa bọ̀!"

Dátà ò wọ kànga rí láyé rẹ̀. Ẹ̀rù ibẹ̀ ń bà á ju ikú lọ. Ó di okùn ńlá mú, ó yọ̀ wálẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ bó. Nísàlẹ̀, ihò ẹ̀gbẹ́ ti ya lu ọ̀gá mọ́lẹ̀. Erùpẹ̀ tútù bò ó dé àyà, ó sì sin okùn tẹ́ẹ́rẹ́ náà mọ́lẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Erùpẹ̀ ni Dátà ti ń bá fa okùn. Orí ọ̀gá àti apá kan ṣoṣo ló kù níta, fóònù sì wà lọ́wọ́ náà. Dátà ò rí ṣọ́bìrì, ìka ló fi ń wa ilẹ̀.

Òkè dákẹ́ lójijì. Wọ́n ti pa ẹ̀rọ. Nínú ìdákẹ́jẹ́ yẹn, Dátà gbọ́ ẹ̀rín. Ìpè ti já, ohun tí ọ̀gá ń wò tẹ́lẹ̀ sì ti tún bẹ̀rẹ̀ lórí fóònù rẹ̀: aláwàdà ọjọ́sí, ó ń ké mẹ̀ẹ̀ mẹ̀ẹ̀ bí ewúrẹ́. Dátà wo ojú ọ̀gá, ọ̀gá gbé ojú sápá kan. Dátà gba fóònù náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó jù ú sápò, ó sì ń wa erùpẹ̀ lọ títí àwọn oníbúlọ́ọ̀kù fi sọ̀ kalẹ̀ wá ràn án lọ́wọ́.

Egungun ìhà méjì ló ṣẹ́ lára ọ̀gá. Dókítà ní yóò yè.

Nírọ̀lẹ́, wọ́n gbé e láti ilé ìwòsàn wá sílé, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jókòó sí yàrá. Dátà rántí ohun tó dún ṣíń. Ó wo fóònù rẹ̀, ó rí i pé ohùn ara rẹ̀ ni ọ̀gá gbà sílẹ̀ ránṣẹ́ sí i. Ó tẹ̀ ẹ́ láìrò ó lẹ́ẹ̀mejì.

"Dátà, èmi ni." Èémí. "Mo mọ̀ pé ò ń gbọ́ àkùkọ yẹn. O ò ní gbé e, torí èmi ni mo ní kí o má gbé e." Èémí. "Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé ìwọ lo pa mí o. Ìwọ pa òfin mọ́. Èmi ni mo ń wo ìwòkuwò." Èémí gígùn. "Sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ pé..."

Ó parí síbẹ̀. Omijé bọ́ lójú Dátà, kò nù ún. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yíjú sí ọkọ rẹ̀.

"Pé kí ni? Kí lo fẹ́ kó sọ fún mi?"

Ọ̀gá Kànga ń wo ògiri.

"Pé kí o má jẹ́ kó di ẹrù rẹ̀."

Dátà dìde, ó gbé agolo wá, ó kó fóònù méjèèjì sínú rẹ̀, ó sì dé e.