Ẹ̀wù Kaki Nílé Ìyá Ògiri

Nínú ọgbà tí wọ́n ń kó àwọn ẹranko tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ìyà sí, iṣẹ́ aránṣọ ni láti fi oúnjẹ pamọ́. Ẹni tó bá kọ́kọ́ gbọ́ ọ á rẹ́rìn-ín. Ta ló ń fi oúnjẹ pamọ́ fún ẹni tí ebi ń pa? Ṣùgbọ́n ẹranko inú igbó kì í jí kó bá oúnjẹ nínú abọ́. Wíwá ló ń wá a. Á tú ewé, á họ ilẹ̀, á fọ́ èyí tó bá le. Tí wọ́n bá ń gbé e síwájú rẹ̀ lójoojúmọ́, inú rẹ̀ á yó, orí rẹ̀ á sì kú. Ìdí nìyẹn tí aránṣọ fi ń gba aṣọ àlòkù, tó ń rán an ní àpò, tó ń da ẹ̀pà sínú rẹ̀, tó sì ń ta á ní kókó lórí kókó, kí àwọn ìnàkí lè rí nǹkan tú láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Ìyá Àpò ni wọ́n ń pè é níbẹ̀.

Káfíńtà ni ọkọ rẹ̀. Ó jáde lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n gbé òkú rẹ̀ wálé lọ́sàn-án. Láti ìgbà náà ni ara aránṣọ ti kú, bí ẹsẹ̀ tí èèyàn jókòó lé pẹ́. Ó ń rìn, ó ń kí èèyàn, ó ń dáhùn tí wọ́n bá pè é, àmọ́ bí ẹni pé ẹlòmíì ló ń bá a ṣe é. Kò sunkún. Àwọn ará ilé ọkọ wò ó títí, wọn ò rí omijé. Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ obìnrin, tí ẹnu rẹ̀ kì í gbélé, ló sọ ọ́ jáde.

“Ìyàwó wa, ojú ẹ gbẹ bí ojú ẹja orí ààrò.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá,” ni aránṣọ wí. Kò tilẹ̀ dùn ún.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ yìí kan náà ló ní kí wọ́n kó aṣọ olóògbé kúrò nílé, nítorí òkú kì í pààrọ̀ aṣọ. Aránṣọ ní kò burú, òun á fi wọ́n rán àpò níbi iṣẹ́. Ẹyọ kan péré ló ní kí wọ́n má fọwọ́ kàn: ẹ̀wù kaki tí ọkọ rẹ̀ fi ń ṣiṣẹ́, tó gbé kọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn lálẹ́ tó ṣáájú ikú rẹ̀, tí kò sì wọ̀ jáde láàárọ̀ ọjọ́ náà, tí ẹnikẹ́ni kò tíì fọ̀. Kì í gbóòórùn rẹ̀, kì í fọwọ́ pa á. Ó kàn fẹ́ kó wà níbẹ̀ ni.

Ṣùgbọ́n ọmọ rẹ̀ obìnrin rò pé ẹ̀wù yìí ni kò jẹ́ kí ìyá òun gbé ojú kúrò lára ilẹ̀kùn. Láàárọ̀ ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ fẹ́ gbé aṣọ olóògbé lọ síbi iṣẹ́, ó ká a kúrò, ó tì í sí ìsàlẹ̀ àpò tí wọ́n kó wọn sí, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni.

Bí wọ́n ṣe ní aránṣọ tí ara rẹ̀ kú nínú ọgbà yẹn, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ní ìnàkí tí ara tirẹ̀ náà kú. Abo ni. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi wà nínú àhámọ́ onírin níwájú ilé ọtí kan, tí àwọn ọ̀mùtí ń fún un ní bíà àti sìgá kí wọ́n lè rí nǹkan fi rẹ́rìn-ín. Látọjọ́ tí wọ́n ti gbà á sílẹ̀, ó kọjú sí ògiri, ó sì kẹ̀yìn sí gbogbo ayé. Ìyá Ògiri ni wọ́n sọ ọ́. Wọ́n fi èso sínú yìnyín fún un, kò wò ó. Wọ́n ta oyin sínú páìpù, èèrà ló lá a. Àyàfi tí wọ́n bá fi oúnjẹ lé e lọ́wọ́ kó tó jẹun.

Dókítà ẹranko, ọ̀dọ́bìnrin tí kì í ṣàwàdà, ti sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe rí. Lọ́jọ́ Ẹtì ni wọ́n máa ṣí ọgbà ńlá tuntun, tó ní igi àti koríko, fún gbogbo ìnàkí. Èyí tí kò bá lè fọwọ́ ara rẹ̀ wá oúnjẹ, àwọn yòókù á febi pa á síbẹ̀.

“Tí kò bá fọwọ́ kan nǹkan kan kó tó di ọ̀la,” ló wí ní Ọjọ́bọ̀, “yàrá ẹ̀yìn yìí náà ló máa wà, òun nìkan, títí ọlọ́jọ́ á fi dé.”

Aránṣọ gbọ́ ọ. Ó jókòó sídìí maṣíìnì, ó ń rán àpò. Òfin iṣẹ́ náà kò ju méjì lọ: gé bọ́tìnnì kúrò, kí o sì yọ inú àpò ara aṣọ síta kí o tó rán an. Ọwọ́ rẹ̀ mọ̀ ọ́n, òun kò sí níbẹ̀. Ó gé bọ́tìnnì, ó da ẹ̀pà, ó rán ọrùn pa, ó rán apá pa. Ó ti ipa ihò kékeré tó wà lára ilẹ̀kùn irin ti àpò mẹ́rin wọlé sí Ìyá Ògiri, ó sì padà lọ jókòó.

Kò pẹ́ tí ariwo fi ta. Ọ̀dọ́kùnrin tó ń fọ àhámọ́ ni, èyí tí wọ́n ń pè ní Rédíò, nítorí kò sí ìgbà tí kì í sọ̀rọ̀.

“Ìyá Àpò! Ẹ wá o! Ẹ rọra, ẹ má sáré! Ẹ sáré o!”

“Èwo ni kí n ṣe nínú méjèèjì?”

“Ẹ ṣáà máa bọ̀! Ó ti yíjú!”

Dókítà ti wà lẹ́nu ihò náà, ó fọwọ́ bo ẹnu. Aránṣọ yọjú wò. Ìyá Ògiri ti kẹ̀yìn sí ògiri lóòótọ́. Ó di àpò kan mú, ó fi sí imú, ó ń fà á símú bí ẹni tó ń rántí. Kaki ni àpò náà. Ní ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀, ẹnìkan ti fi òwú pupa lẹ̀ ẹ́.

Òun ló lẹ̀ ẹ́. Òwú dúdú ló tán lọ́jọ́ yẹn. Ọkọ rẹ̀ wọ̀ ọ́, ó wo ìgbọ̀nwọ́, ó ní, “O kúkú fẹ́ kí gbogbo ayé mọ̀ pé mo níyàwó nílé.”

“Ẹ̀wù yẹn kì í ṣe ti ibí,” ni aránṣọ wí.

Rédíò rẹ́rìn-ín. “Ta wá ló ni ín? Ìyá Ògiri ti gbà á ná!”

“Bàbá ọmọ mi ló ni ín.”

Rédíò dákẹ́. Ẹni tó bá wà níbẹ̀ ìbá bẹ̀rù.

Dókítà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. “Màmá, a lè gbà á. A ó fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ tàn án lọ sí yàrá kejì, a ó sì ti ilẹ̀kùn àárín.” Ó mí kanlẹ̀. “Àmọ́ tí a bá gba ohun àkọ́kọ́ tó fọwọ́ kàn, mi ò mọ̀ bóyá ó tún máa fọwọ́ kan òmíràn. Ẹ̀yin lẹ máa sọ èyí tí a máa ṣe.”

Aránṣọ dúró. Ó ń retí kí ọkàn rẹ̀ wí nǹkan. Ó mọ̀ pé ó yẹ kí nǹkan kan gún òun ní àyà. Kò sí. Ẹsẹ̀ tó kú náà kú síbẹ̀.

Nínú yàrá, Ìyá Ògiri ti ya apá kan, ẹ̀pà dà sílẹ̀ wàràwàrà. Ó ṣa ọ̀kan, ó jẹ ẹ́. Ó ṣa òmíràn. Ó wá ki ìka bọ àpò àyà ẹ̀wù náà, èyí tí aránṣọ kò yọ síta. Ó fa nǹkan pẹlẹbẹ kan yọ.

“Kí nìyẹn?” Dókítà dìde ṣánṣán.

“Pẹ́ńsù tí káfíńtà fi ń sàmì sára pákó ni,” ni aránṣọ wí. “Mi ò wo àpò ẹ̀. Ẹ̀bi mi ni.”

“Á gbé e mì!” ni Rédíò kígbe.

Ìyá Ògiri kò gbé e mì. Ó gbóòórùn rẹ̀, ó bù ú jẹ díẹ̀, ó tu ú dànù. Ó wá yí padà sí ògiri tó ti ń wò látìgbà tó ti dé, ó fi pẹ́ńsù náà gbá a. Ìlà kékeré kan jáde. Ó wo ìlà náà pẹ́. Ó fi ìka kàn án. Ó tún fa òmíràn sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ní ìdúró, bí ẹni tó fẹ́ gé pákó.

Dókítà yíjú sí aránṣọ.

“Ẹ jẹ́ kó wà lọ́wọ́ ẹ̀,” ni aránṣọ wí.

“Ẹ̀wù ńkọ́, Màmá?”

“Àtẹ̀wù àti pẹ́ńsù.”

Ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n kó gbogbo nǹkan jáde gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn, nítorí ohun ìṣeré tó bá sùn mọ́ ẹranko, kò níí wò ó mọ́ lọ́jọ́ kejì. Ọwọ́ méjèèjì ni Rédíò fi gbé ìyókù ẹ̀wù náà wá, bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Ẹ̀yìn àti apá kan ló ṣẹ́kù.

“Ẹ má bínú, Ìyá Àpò. Mo gbìyànjú kí n má jẹ́ kó ya sí i.”

“Kí lo fẹ́ ṣe? Kí o bá ìnàkí jìjàkadì?”

Ó gbé e sí imú. Ìgbà àkọ́kọ́ tó máa ṣe bẹ́ẹ̀ nìyí látìgbà ikú. Òórùn ìnàkí ló wà níbẹ̀, àti ti ẹ̀pà. Ó wá òórùn ọkọ rẹ̀ títí, kò rí i. Kò sì mọ̀ bóyá ìnàkí ló kó o lọ, tàbí ó ti lọ tipẹ́ kó tó kúrò lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Ó mú àlùmọ́gàjí. Dókítà ti ní Ìyá Ògiri á bá àwọn yòókù jáde lọ́la, pé kí wọ́n wá nǹkan tó ti mọ̀ fún un mú dání. Aránṣọ gé ẹ̀yìn ẹ̀wù náà ní ìbú, ó sì rán an ní àpò méjì. Ó ku apá tó ní òwú pupa. Ó tẹ́ ẹ sórí itan, ó wò ó. Lẹ́yìn náà, ó rán òun náà pa, ó sì di ẹ̀pà sínú rẹ̀.

Ọmọ rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn fún un nílé. Ó ti mọ̀ lójú ìyá rẹ̀ pé àṣírí tú.

“Màámi, ẹ jọ̀ọ́. Èmi ni mo ká a síbẹ̀. Mo rò pé... Ibo ló wà báyìí?”

Aránṣọ wo ìṣó òfo tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

“Ó wà níbi iṣẹ́,” ló wí.

Ọmọ náà bú sẹ́kún. Aránṣọ dúró tì í, ó ń fọwọ́ pa á lẹ́yìn, ojú tirẹ̀ gbẹ. Nígbà tó yá, ó ki ọwọ́ bọ àpò ara rẹ̀, ó bá ẹ̀pà díẹ̀ tó ṣẹ́kù síbẹ̀. Ó pa ọ̀kan, ó jẹ ẹ́. Ó tún pa òmíràn.

“Kí lo sè?” ló bi ọmọ rẹ̀.

“Mo ti bu tiyín, Màámi. Ẹ jókòó, kí n gbé e wá.”

“Rárá,” ni ìyá rẹ̀ wí. “Fi í síbi tó wà. Èmi náà á wá a.”