Dastyor Bu Búrẹ́dì Sanobar

Bí ẹ bá fẹ́ rí ìbínú Sanobar, ẹ sọ fún un pé ìwé tó kọ kò yé yín. Iṣẹ́ rẹ̀ nílé iṣẹ́ wọn ní ìlú Kokand ni pé kó kọ àlàyé irinṣẹ́ fún àwọn ẹ̀rọ ọlọ́gbọ́n: irinṣẹ́ wo ni kí ẹ̀rọ mú, ìgbà wo ni kó lò ó, báwo ni kó ṣe lò ó. Ẹ̀rọ kì í fura, ohun tó bá kà ló máa ṣe. Sanobar a sì máa fọ́nnu pé nínú gbogbo ohun tí òun kọ láti ọdún mẹ́ta, kò sí èyí tó rú ẹ̀rọ kankan lójú rí. Ẹnu ẹ̀!

Èyí tó kọ kẹ́yìn jẹ́ ti ẹ̀rọ agbóúnjẹ tí wọ́n ń ṣe fún àwọn ilé tíì. Dastyor ni wọ́n ń pè é, ìyẹn olùrànlọ́wọ́. Ó ní apá irin méjì, ó sì ń sọ̀rọ̀ bí ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé. Sanobar gbé e wálé lọ́jọ́ Jímọ̀ kó lè fi àlejò dán an wò. Lọ́jọ́ kejì ni ìyá rẹ̀, Oyimkhon, ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún un pé àwọn alárenà ń bọ̀ lọ́sàn-án.

Ergash ni wọ́n ń bá wá ìyàwó, ọkùnrin kan tó ń ta táyà. Sanobar ti rí i lẹ́ẹ̀mejì. Kò ṣẹ̀ ẹ́, kò sì wù ú rárá. Ṣùgbọ́n kò bẹ̀rù, nítorí ìbẹ̀wò àkọ́kọ́ kì í dè ènìyàn. Àwọn àlejò á jẹun, wọ́n á yin kápẹ́ẹ̀tì, wọ́n á lọ. Ó di ìbẹ̀wò kejì tàbí ẹ̀kẹta kí àwọn àgbà tó bu búrẹ́dì lójú ìdílé méjèèjì, kí ọmọ tó di tiwọn. Alárenà mẹ́wàá ló ti fi ọgbọ́n yẹn lé lọ: á ní òun ṣì ń ronú.

Àwọn àlejò jókòó yí aṣọ oúnjẹ tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀ ká, Bahrikhon ìyá Ergash níwájú, Bàbá Turob tó jẹ́ àgbà àdúgbò ní ọwọ́ òkè, níbi ìjókòó ọlá. Dastyor yí wọlé. Ó gbé búrẹ́dì sókè kí gbogbo wọn rí i, ó bù ú sí méjì, ó sì tẹ́ ẹ síwájú wọn.

"Yéè!" ni Bahrikhon ké. "Wọ́n ti gbà! Wọ́n ti fún wa lọ́mọ o!"

Kí Sanobar tó la ẹnu, Bàbá Turob ti ṣàdúrà, gbogbo wọn ti fọwọ́ pa ojú. Àmín.

"Ẹ dúró, ẹ jọ̀ọ́! Ẹ̀rọ ló bù ú!"

"Ẹ̀rọ ta ni?" Bahrikhon bi í. "Ṣé láti ilé mi ló ti wá ni?"

"Níbo ló sùn lánàá?" Bàbá Turob náà bi í.

"Inú páálí ẹ̀ ni, bàbá."

"Páálí ọ̀hún ńkọ́?"

"Inú yàrá mi."

"Ará ilé ni nígbà yẹn. Mú ìwé tó kà wá."

Bàbá Turob wọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó kà á sókè: "Irinṣẹ́ kejì, bíbu búrẹ́dì. Lò ó nígbà tí àlejò bá ti jókòó tán. Gbé e sókè kí wọ́n rí i pé ó gbóná. Má fi ọ̀bẹ gé e láéláé." Ó yọ gíláàsì. "Ó mà yéni o! Ọmọ yìí, o mọ̀wé kọ."

Ẹ ò rí ayé bí? Wọ́n ń fi Sanobar fọ́kọ lọ, orí ẹ̀ ń wú. Ó gbìyànjú kó tó lè sọ ọ́: "Kò... kò pé, bàbá. Mi ò kọ ọ́ pé kó má bù ú níwájú alárenà. Gbogbo èèyàn ló kúkú mọ̀ bẹ́ẹ̀."

"Ẹ má bínú, Àǹtí Sanobar," ni Dastyor wí, "èmi kì í ṣe èèyàn."

"Ẹ gbọ́ ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́!" Inú Bahrikhon dùn dẹ́yìn. "Màá gba òun náà mọ́ ìyàwó."

Oyimkhon ti ń sunkún ayọ̀, ó ti ń ka oṣù ìgbéyàwó lórí ìka. Bàbá Turob bá yí sí ẹ̀rọ náà, ó fẹ́ fi ṣẹ̀fẹ̀: "Ìwọ, kí o tó fún un lọ́kọ, ṣé o bi í bóyá ó fẹ́?"

"Kò sí nínú ìwé tèmi pé kí n bi í, bàbá. Ṣé ó wà nínú tiyín?"

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Bàbá Turob yíjú sí Oyimkhon. "Ṣé o bi í?"

"Mo bi í bóyá ó ti gbálẹ̀."

"Ìwọ, Bahrikhon?"

"Èmi? Ọmọ tèmi ni mo bi. Òun náà ò dáhùn."

Oyimkhon fi ìborí nu ojú. Ó wo ọmọ rẹ̀ bí ẹni pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé. "Sanobar, ṣé o fẹ́ ẹ?"

Ọmọ tó kọ ojú ìwé ogójì lórí bí wọ́n ṣe ń da tíì, ọ̀rọ̀ méjì péré ló rí sọ. Omi lé rórò lójú rẹ̀. "Rárá, Màmá."

"Báwo ló ti pẹ́ tó tí o ti mọ̀ pé o ò fẹ́ ìkankan nínú wọn?"

"Látorí alárenà àkọ́kọ́."

"Kí ló dé tí o ò sọ?"

"Ẹ ò bi mí."