Wáyà Tó Wọ Yàrá Bàbá

Nígbà tí ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ike àti páálí ní Ìlúpéjú dá òṣìṣẹ́ dúró rẹpẹtẹ, Oyèníkẹ́ wà lára àwọn tí wọ́n ní kó máa lọ sílé. Iṣẹ́ lébẹ̀ẹ̀lì ló ń ṣe níbẹ̀. Òun ló ń fi kọ̀ǹpútà ya àwòrán tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ara ìgò òróró, ike ìpara àti páálí bísíkíìtì. Kò sunkún. Ó kó ẹrù rẹ̀ padà sí ilé bàbá rẹ̀ ní Ọgbà, ó to kọ̀ǹpútà rẹ̀ sí yàrá kan lókè, ó sì sọ fún gbogbo ẹni tó mọ̀ pé òun ti dá dúró.

Ṣùgbọ́n irú iṣẹ́ yẹn kò ṣeé dá ṣe láìsí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ṣáínà ni ọ̀pọ̀ oníbàárà ti ń tẹ lébẹ̀ẹ̀lì wọn, orí íńtánẹ́ẹ̀tì sì ni fáìlì ń gbà dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tẹ̀ ẹ́. Ó kọ́kọ́ ń lọ sí kafé. Níbẹ̀, á tò sẹ́yìn àwọn ọmọkùnrin tí kì í dìde lórí àga, tó bá sì kàn án, NẸ́PÀ á mú iná lọ. Nígbà tó gbọ́ pé àwọn kan ń fi áńténà fa íńtánẹ́ẹ̀tì wọlé fún èèyàn, ó ní kí wọ́n wá fa tòun. Wọ́n gbé áńténà sórí òrùlé, wọ́n fa wáyà gba ojú fèrèsé wọ yàrá rẹ̀. Fáìlì tó ń jẹ ìdajì ọjọ́ ní kafé, kí Oyèníkẹ́ tó bu omi mu tán, ó ti lọ. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó ń dá kọrin.

Kò pẹ́ tí ayọ̀ yẹn fi di ti gbogbo ilé.

Bàbá rẹ̀, Bàbá Ilésanmí, ọmọ Èkìtì ni. Ó ti ṣiṣẹ́ ìjọba ní Aláúsá títí ó fi fẹ̀yìn tì, òun náà sì ti ra kọ̀ǹpútà kan sí yàrá rẹ̀ nísàlẹ̀. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í pọ̀, àmọ́ tó bá ti sọ ọ́, ó parí nìyẹn. Ó fi oríkì pe Oyèníkẹ́ ní alẹ́ ọjọ́ kan lẹ́yìn àdúrà.

"Àbẹ̀kẹ́, ohun tó bá wọ inú ilé yìí, gbogbo ilé ló ni ín. Àbúrò rẹ ń wá iṣẹ́. Èmi náà fẹ́ máa ka ìwé ìròyìn. Ṣé kò ṣeé pín ni?"

"Ó ṣeé pín, sà," Oyèníkẹ́ dáhùn. Kí ni ì bá tún sọ?

Ayọ̀tọ́lá, àbúrò rẹ̀ tó ti ń wá iṣẹ́ látìgbà tó ti ṣe agùnbánirọ̀ tán, lọ sí Ìkẹjà, ó ra àpótí kékeré kan tó ní ojú ihò lára. Wáyà kan wọ inú rẹ̀ láti orí òrùlé, òmíràn sì ń tibẹ̀ lọ sí kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan. Àpótí náà jókòó sórí tábìlì Oyèníkẹ́, ó ń ṣẹ́jú wìrìwìrì. Wọ́n fa wáyà lọ sí yàrá Ayọ̀tọ́lá. Wọ́n fa ọ̀kan lọ sísàlẹ̀ fún Bàbá. Tẹjú, tíṣà tó háyà yàrá méjì lẹ́yìnkùlé, ní kí wọ́n ṣàánú òun náà, wọ́n sì fa tirẹ̀ gba orí ògiri.

Fún bí oṣù kan, kò sẹ́ni tó ráhùn. Lẹ́yìn náà, láìsí ìkìlọ̀, nǹkan náà bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́.

Kì í ṣe pé ó kú o. Tó bá kú, èèyàn á mọ̀ pé ó kú. Ńṣe ló ń wọ́ bí ìgbín. Oyèníkẹ́ á tẹ ímeèlì, á lọ pọn omi, á padà wá, ojú kọ̀ǹpútà ṣì funfun báláú. Tó bá fẹ́ fi fáìlì ránṣẹ́, á dé ìdajì, á dúró síbẹ̀, kọ̀ǹpútà á wá sọ fún un pé ọ̀rọ̀ ò wọ̀. Á tún bẹ̀rẹ̀. Nígbà míì, á kù díẹ̀ kó débẹ̀, iná á lọ. Kó tó sọ̀ kalẹ̀ lọ tan jẹnẹrétọ̀, gbogbo làálàá rẹ̀ ti dòfo.

Àsìkò yẹn gan-an ni Alhaja Fàúsát gbé iṣẹ́ ńlá fún un. Obìnrin náà ń ṣe ìpara òrí ní Agége, ó fẹ́ pààrọ̀ gbogbo lébẹ̀ẹ̀lì rẹ̀ pátá. Oyèníkẹ́ yà á, Alhaja rí i, ó fẹ́ràn rẹ̀. Kò ku nǹkan kan ju kí fáìlì dé Ṣáínà lọ. Fáìlì kò dé Ṣáínà.

"Ọmọ mi," Alhaja sọ lórí fóònù, "àwọn èèyàn yẹn ní àwọn ò tíì rí nǹkan kan o."

"Ẹ má bínú, mà. Nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ni. Á lọ lónìí."

Lọ́jọ́ kejì, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n tún sọ. Lọ́jọ́ kẹta, Alhaja ò pè é ní ọmọ mi mọ́.

Oyèníkẹ́ tẹ àwọn tó fa áńténà láago. Ọkùnrin tó gbé fóònù wo ohun tó wò, ó ní, "Àǹtí, lọ́dọ̀ tiwa, kò sí wàhálà. Ẹnì kan nínú ilé yín ló ń lò ó ní àlòjù."

Kò ronú lẹ́ẹ̀mejì. Ta ló máa ń wo fíìmù lórí kọ̀ǹpútà? Ta ló máa ń fi ohùn olórin kún ilé láti àárọ̀? Ó já wọ yàrá Ayọ̀tọ́lá bí ẹni tí wọ́n lé.

"Ìwọ lò ń pa iṣẹ́ mi! Fíìmù wo lò ń fà sílẹ̀ tí kì í tán?"

Ayọ̀tọ́lá yíjú sí i. "Fíìmù? Mi ò fa fíìmù kankan sílẹ̀. Fọ́ọ̀mù iṣẹ́ ni mò ń dí. Èmi gan-an ò rí i ṣe. Ojú ìwé kan, wákàtí kan."

"Irọ́ lò ń pa. Gbogbo ìgbà ni irọ́ máa ń wà lẹ́nu ẹ."

"Sístà mi, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí n parí fọ́ọ̀mù yìí. Wọn ò ní pẹ́ tì í pa."

Oyèníkẹ́ padà sí yàrá rẹ̀, ó di wáyà àbúrò rẹ̀ mú, ó fà á yọ kúrò lára àpótí. Ó gbọ́ bí Ayọ̀tọ́lá ṣe kígbe, ó sì gbọ́ bó ṣe fi ìbínú pa ilẹ̀kùn dé. Ó jókòó, ó tún fi fáìlì ránṣẹ́.

Ó dé ìdajì. Ó dúró síbẹ̀.

Kàkà kó gbà pé òun ti ṣi ẹni mú, ó sọ fún ara rẹ̀ pé ó lè jẹ́ àwọn méjèèjì. Ó sọ̀ kalẹ̀ lọ bá Tẹjú. Tẹjú ò janpata. "Àǹtí Oyèníkẹ́, ẹ yọ tèmi o jàre. Mo ti fi sílẹ̀ láti ọjọ́ yìí. Kò ṣí nǹkan kan fún mi." Wọ́n yọ ọ́. Kò sí ìyàtọ̀. Ó sùn lọ́jọ́ náà láìjẹun, bẹ́ẹ̀ ni Ayọ̀tọ́lá kò kí i, kò sì wò ó.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Oyèníkẹ́ dúró níwájú àpótí. Wáyà méjì ló kù lára rẹ̀ yàtọ̀ sí ti orí òrùlé, tirẹ̀ àti èyí tó wọ yàrá Bàbá. Iná ara ti Bàbá ń ṣẹ́jú kíkankíkan, kò sinmi. Bóyá ó ti ń ṣẹ́jú bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Ojú Oyèníkẹ́ ti rí i, ọkàn rẹ̀ ni kò jẹ́ kó rí i. Ta ló fẹ́ sọ fún Bàbá Ilésanmí pé kó dáwọ́ ohunkóhun dúró nínú ilé tó fi òógùn ojú ara rẹ̀ kọ́? Àbúrò ṣeé bú. Ayálégbé ṣeé bẹ̀. Bàbá ńkọ́?

Ó wo ẹ̀yìn bí olè. Ó fà á yọ.

Ó padà sídìí kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó tẹ fáìlì náà. Kó tó gbọ́wọ́ kúrò, ó ti ń lọ. Ó kọjá ìdajì, ó ń lọ, ó lọ tán. Oyèníkẹ́ fò sókè, ó gbé fóònù.

"Alhaja, ó ti lọ, mà! Ó ti dé ọ̀dọ̀ wọn!"

Alhaja dá a lóhùn. "Oyèníkẹ́, mo ti gbé e fún ẹlòmíì lánàá. Mi ò lè máa dúró. Ọjà ń bẹ nílẹ̀ tí kò ní aṣọ lọ́rùn. Má bínú."

Ó ṣì dúró síbẹ̀, fóònù lọ́wọ́ rẹ̀, tí ohùn bàbá rẹ̀ fi gòkè wá láti ìsàlẹ̀.

"Àbẹ̀kẹ́! Ẹ̀rọ mi ò ríran mọ́ o. Wá bá mi wò ó."

Ó sọ̀ kalẹ̀. Ní gbogbo orí àtẹ̀gùn ló ń to ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ. Á sọ ọ́ lónìí, bó bá fẹ́ kó di ìjà. Ó ṣílẹ̀kùn.

Fọ́tò ló kún orí bẹ́ẹ̀dì Bàbá. Ìyá wọn ni gbogbo rẹ̀. Ìyá wọn nínú aṣọ funfun ìjọ, tó di Bíbélì mọ́ àyà. Ìyá wọn níwájú ilé yìí nígbà tí kò tíì ní òrùlé. Ìyá wọn lórí ibùsùn ìkẹyìn, ojú rẹ̀ ti dákẹ́. Ọdún tó kọjá ló kú. Ṣínà, àkọ́bí wọn tó wà ní Kánádà, kò lè wá sin ín torí pé ìwé ìgbélùú rẹ̀ kò tíì jáde. Tí Ṣínà bá kúrò nílẹ̀ yẹn, wọn ò ní jẹ́ kó wọlé mọ́.

"Fọ́tò màmá yín ni mò ń fi ránṣẹ́ sí Ṣínà," Bàbá wí. "Mo lo ẹ̀rọ tó o fi ń ṣe àdàkọ fọ́tò, lọ́jọ́ tó o lọ sí Agége. Mo kó gbogbo rẹ̀ sínú lẹ́tà ímeèlì kan. Ó ti ń lọ díẹ̀díẹ̀ láti bí ọjọ́ mélòó kan. Tó bá lọ díẹ̀, á tún bẹ̀rẹ̀. Mi ò pa á rí, kó má baà já. Àárọ̀ yìí ló wá dákẹ́."

Oyèníkẹ́ tẹjú mọ́ kọ̀ǹpútà náà, gbogbo rẹ̀ sì yé e. Bí òun ṣe to ẹ̀rọ àdàkọ yẹn fún lébẹ̀ẹ̀lì, kó lè rí ìlà tó tín-ín-rín jù lọ, bẹ́ẹ̀ ni Bàbá ṣe lò ó. Fọ́tò kan ṣoṣo tóbi ju fáìlì Alhaja lọ, Bàbá sì ti di gbogbo wọn pọ̀ sójú kan. Lẹ́tà náà kò lè dé láéláé. Kọ̀ǹpútà ń fi ránṣẹ́, ó ń já, ó ń bẹ̀rẹ̀, tọ̀sán-tòru, ó sì gba gbogbo ọ̀nà mọ́ ará ilé lọ́wọ́.

Ìbínú tó gbé sọ̀ kalẹ̀ kò rí ibi tó máa sọ̀ ọ́ sí.

"Ṣínà ò rí ìyá rẹ̀ kí wọ́n tó gbé e wọlẹ̀," Bàbá tún sọ, bí ẹni tó ń ṣàlàyé ara rẹ̀. "Mo ní kó rí i."

"Ẹ jẹ́ kí n bá yín ṣe é, sà."

Ó jókòó, ó pa lẹ́tà ńlá yẹn rẹ́, ó dín àwọn fọ́tò kù lọ́kọ̀ọ̀kan, ó gòkè lọ ki wáyà bọ àpótí padà, ó sọ̀ kalẹ̀, ó fi wọ́n ránṣẹ́. Kò tó àkókò téèyàn fi ń din ẹyin. Bàbá pàtẹ́wọ́ bí ọmọdé. "Àṣé bó ṣe rọrùn nìyẹn!"

Oyèníkẹ́ lọ kan ilẹ̀kùn Ayọ̀tọ́lá. Ó ti ki wáyà rẹ̀ àti ti Tẹjú bọ ibi tí wọ́n wà tẹ́lẹ̀ kó tó lọ, ṣùgbọ́n àbúrò rẹ̀ dùbúlẹ̀, kọ̀ǹpútà rẹ̀ wà ní pípa.

"Ayọ̀, kì í ṣe ìwọ. Mo ti rí i. Jọ̀ọ́, má bínú. Ó ti yá, tan án kó o parí fọ́ọ̀mù yẹn."

"Wọ́n ti tì í pa lánàá," Ayọ̀tọ́lá dáhùn láìgbójú sókè. "Mo sáré lọ sí kafé. Ẹ̀yin náà mọ kafé."

Oyèníkẹ́ fara ti ògiri. Ó sọ gbogbo ọ̀rọ̀ fún un, látorí fọ́tò dórí Alhaja. Ayọ̀tọ́lá dìde jókòó.

"Ṣé ẹ ti sọ fún Bàbá?"

"Rárá. Mo fẹ́ sọ. Ó yẹ kó mọ̀."

"Ẹ má sọ fún wọn o. Tí wọ́n bá gbọ́, wọn ò ní fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà yẹn mọ́. Látìgbà tí Màámi ti kú, ìgbà wo lẹ rí wọn tí wọ́n ń fi nǹkan ṣe?" Ó tún dùbúlẹ̀, ó kọjú sí ògiri. "Èmi àti ẹ̀yin ṣì ní ọ̀rọ̀. Irọ́ lẹ ní mò ń pa. Ẹ ò tiẹ̀ wo ojú kọ̀ǹpútà mi."

Oyèníkẹ́ rọra pa ilẹ̀kùn dé. Òótọ́ ni.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn ìsìn, Ṣínà tẹ Bàbá láago. Gbogbo wọn wà ní pálọ̀. Wọ́n gbọ́ ẹkún rẹ̀ jáde láti inú fóònù. Bàbá ń sọ pé, "Ó tó, ọmọ mi, ó tó," ojú òun náà sì ti kún fún omi. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. "Íńtánẹ́ẹ̀tì yìí, nǹkan dáadáa ni o! Fara balẹ̀. Fídíò ìsìnkú ń bẹ lọ́wọ́ mi, gbogbo rẹ̀ pátá, láti ìsìn àìsùn títí dé ibojì. Màá fi ránṣẹ́ sí ẹ lónìí."

Oyèníkẹ́ àti Ayọ̀tọ́lá wojú ara wọn, ó di ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ ìjà wọn.

Bí Bàbá ṣe gbé fóònù kalẹ̀, Oyèníkẹ́ kúnlẹ̀. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi fídíò yẹn ránṣẹ́, sà. Ó ti tóbi jù. Tó bá ń lọ, kò ní jẹ́ kí nǹkan ẹlòmíì lọ."

Bàbá wò ó títí. "Ṣé ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá nìyẹn? Ṣé èmi ni mo dí yín lọ́wọ́?"

"Rárá o, sà," Ayọ̀tọ́lá gbà á lẹ́nu rẹ̀. "NẸ́PÀ ni."

Ẹni tó ti lo gbogbo ayé rẹ̀ láàárín àwọn akọ̀wé ìjọba mọ ìgbà tí wọ́n bá ń fi nǹkan pa mọ́ fún un. Bàbá gbójú kúrò lára èyí, ó wo ìkejì. Kò béèrè mọ́.

"Ó dáa," ó ní. "Láti òní lọ, ohunkóhun tí mo bá fẹ́ fi ránṣẹ́, màá gbé e gòkè wá bá ọ."

Bó sì ṣe rí nìyẹn. Íńtánẹ́ẹ̀tì ò wọ́ mọ́. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sán-ọ̀sán, nígbà tí iṣẹ́ bá wọ Oyèníkẹ́ lára tán, á gbọ́ sálúbàtà bàbá rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ẹsẹ̀ kan lẹ́yìn èkejì. Fọ́tò kan á wà lọ́wọ́ rẹ̀, ìtàn fọ́tò náà á sì wà lẹ́nu rẹ̀, ìtàn tí kì í kúrú. Oníbàárà ń dúró, fáìlì ń dúró. Oyèníkẹ́ á pa eyín pọ̀, á mí kanlẹ̀, á ti iṣẹ́ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ẹ jókòó, sà," á ní. "Ẹ mú un wá."